Yàrá kan àti pálọ̀ ní Bàrígà, ₦150,000 lọ́wọ́: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ_Bàrígà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá kan àti pálọ̀ ní Bàrígà, níhà Ìlàjẹ. Ilé ilẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́: lúfà ló wà lójú fèrèsé, pátákó funfun fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àjà, ògiri kan ní yàrá sì máa ń làágùn tójò bá ti ń rọ̀, èébu ti mú un láti ilẹ̀ dé orókùn.

Owó ilé, owó ẹ̀jẹ́ǹtì, owó àgíríìmẹ́ǹtì, gbogbo wọn ti jẹun yó. ₦150,000 ló ṣẹ́ kù fún inú ilé. Ìyàwó mi ní ikọ́ fée, òórùn ọ̀dà àti ti kọ́bọ́ọ̀dù tuntun máa ń dà á láàmú. Àwa méjèèjì sì ti jọ sọ ọ́ pé a ò ní kó ike àti pátákó oníyẹ̀fun wọlé, èyí tí yóò wú lọ́dún tó ń bọ̀ tá a ó sì lọ dà á nù sétí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kó lẹ́wà o! A ò fẹ́ kí àlejò jókòó kó máa wojú wa tàánútàánú. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ìyá_Ìbejì_Mushin
Ẹ kú ilé tuntun, ilé á tù yín lára, ẹ ó bímọ síbẹ̀. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ibi tí òjò ń fẹ́ sí, ibi tí ẹ̀fọn ń gbà. Mo mọ ẹni tó fi ìkánjú ra sẹ́tí, ẹnu ọ̀nà ló ti mọ̀ pé kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má ra kápẹ́ẹ̀tì. Eruku ló ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó ní ikọ́ fée ò sì gbọdọ̀ máa sùn tì í. Ẹ fọ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yẹn mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ ra ẹní òré, tàbí ẹní fáfá tówó bá gbé e. Ẹní ṣeé gbọ̀n, ó ṣeé sá sóòrùn, ó ṣeé ká kúrò nílẹ̀ tómi bá wọlé. Ẹ má kàn fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù kó máa hu èébu, ẹ máa gbé e síta lóòrèkóòrè. Ìyá mi ní àga ìrókò kan tó ti dàgbà jù mí lọ, àdín ló fi ń pa á lára tó fi ń dán.

Bọ́bọ̀_Sùúrùlérè
Ẹní, àdín... ó ku igbá àti ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o. Kí àlejò má wọlé kó yọ owó ìdáfá sílẹ̀ 😂

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, Màmá, ẹ má bínú. Àmọ́ PVC, pátákó oníke yẹn, ni kẹ́ ẹ fi bo ògiri tó ń làágùn yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ti parí, á máa dán bíi ti òtẹ́ẹ̀lì.

Ayàwòrán_Ilé
@Bọ́bọ̀_Sùúrùlérè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un nírú ìmọ̀ràn yẹn. Ilé yíyà niṣẹ́ mi, mo sì ti rí ẹ̀yìn PVC tó pọ̀.

Omi ló ń ti inú ilẹ̀ gun búlọ́ọ̀kù bọ̀ wá sókè, torí àwọn tó kọ́ ilé náà ò dí ọ̀nà mọ́ ọn ní ìpìlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi PVC tàbí ọ̀dà olóróró bò ó, omi náà ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn pátákó ni yóò máa gbé, èébu á máa gbilẹ̀ níbi tójú yín ò tó, ìyàwó yín ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ìta niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí lọ sẹ́yìn ògiri yẹn: ṣé iyẹ̀pẹ̀ ti kún ga ju ìpìlẹ̀ lọ? Ṣé omi orí páànù ń já lu ẹsẹ̀ ògiri? Ṣé gọ́tà ti dí? Ṣọ́bìrì lẹ máa fi tún èyí ṣe, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ èébu kúrò (kí ìyàwó má sí nílé lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì bo imú), ẹ fi omi rin ọ̀dà àtijọ́ kẹ́ ẹ tó ha á dànù. Ẹ má ha á ní gbígbẹ rárá, ọ̀dà ayé ijọ́un lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ ò sì dára fẹ́nikẹ́ni. Tí ògiri bá ti gbẹ, láìmù ni kẹ́ ẹ fi kùn ún.

Láìmù yìí ni wọ́n ń fi kun ilé kí ọ̀dà inú agolo tó gbòde. Ìyẹ̀fun funfun ni, àwọn tó ń ta nǹkan ìkọ́lé ń tà á lápò. Ẹ pò ó mọ́ omi títí yóò fi ṣàn bíi wàrà, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ fi omi wọ́n ògiri, kẹ́ ẹ wá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Tó bá ṣì tutù, ẹ ó rò pé kò mú. Ìgbà tó bá gbẹ ló ń funfun. Omi inú ògiri á rí ọ̀nà gbà jáde, èébu kì í sì í tètè hù lójú rẹ̀. Kò ní òórùn ọ̀dà.

Àléébù rẹ̀ rèé: ó máa ń ran aṣọ tẹ́ ẹ bá fara tì í, kì í lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà olóróró, ó sì máa ń jó ojú àti awọ ara nígbà tó bá tutù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ awò. Láìmù ò sì ní wo ìpìlẹ̀ sàn o. Ẹ óò máa tún un kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àjà yẹn. Pátákó funfun pẹlẹbẹ nínú ilé àtijọ́ lè jẹ́ asbestos. Ẹ má lù ú, ẹ má fi ayùn kàn án, ẹ má sì ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ kí igi òkè lè hàn bíi ti àwọn ilé orí Instagram. Eruku rẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí kò bá fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi ọ̀dà olómi funfun pa á lójú. Bó bá ti fọ́, lánlọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ pè.

Ọmọ_Bàrígà
Háà, ẹ ṣeun gan-an. Ìyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn dé ìdajì búlọ́ọ̀kù kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Ìbéèrè mìíràn: pálọ̀ gbóná lọ́sàn-án, ó sì ṣókùnkùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ lúfà, kí n fi sláídì sí i.

Ayàwòrán_Ilé
Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó fowó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Sláídì, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí, torí gíláàsì kan á gba iwájú èkejì. Lúfà tẹ́ ẹ bá ṣí, gbogbo ojú fèrèsé ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òjò díẹ̀ ò sì ní kẹ́ ẹ tì í pa. Gíláàsì lúfà tó fọ́ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, kẹ́ ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí irin tó há, kẹ́ ẹ sì kan nẹ́ẹ̀tì tuntun.

Apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ Èkó ní èyí tó pọ̀ jù lọ́dún. Fèrèsé tó bá kọjú síbẹ̀, ẹ má gbé wọ́dúróòbù dí i. Kí afẹ́fẹ́ tó wọlé lójú kan rí ibòmíràn gbà jáde, kódà kó jẹ́ ihò tó wà lókè ilẹ̀kùn.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ náà, apá ìwọ̀ oòrùn yẹn ló ń gbà wọlé. Kọ́tìnnì kò lè dá a dúró dáadáa, torí ooru ti wọ inú gíláàsì kó tó kan aṣọ. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró: ẹ fi ẹní tàbí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀ kọ́ sí ìta fèrèsé, kó jìnnà sí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín. Ẹ lọ wo àwọn ilé Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà dé, tó kù ní Lagos Island, ní àdúgbò Campos: fèrèsé onígi aláwẹ́ méjì, àjà gíga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàrín ilé. Kò sí fáànù nígbà tí wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ní Mainland níhìn-ín náà, ilé Jaekel wà nínú ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ti tún un ṣe, ó ṣeé lọ wò.

Ní ti òkùnkùn, ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń kun pálọ̀ ní àwọ̀ eérú àti búlúù dúdú. Ògiri dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, gílóòbù lẹ ó máa tàn lọ́sàn-án gangan. Funfun tàbí àwọ̀ ẹyin, kẹ́ ẹ sì gbé dígí ńlá kan kọjú sí fèrèsé.

Oníwáyà_Oyíngbò
Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un. Bẹ́ ẹ bá bá gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná nínú ilé yẹn, ẹ yọ wọ́n kíákíá. Èyí tó jẹ́ 60 watt, LED 9 watt á tan ìmọ́lẹ̀ tó tó tirẹ̀. Ká ní márùn-ún ló wà nílé, tẹ́ ẹ ń tàn wọ́n fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́: yúnítì méjìdínlógójì lẹ ó dín kù lóṣù. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúnítì àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, lọ sí ₦225, wọ́n sì dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kódà kẹ́ ẹ kà á sí ₦200 lásán, ó lé ní ₦7,500 lóṣù. Gbogbo ẹ̀wà tẹ́ ẹ ń wá, owó rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi igbá ṣe ìbòrí iná, ó máa ń lẹ́wà gan-an: ẹ da ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, ìmọ́lẹ̀ á tú ká sí ara ògiri. LED nìkan ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ o. Gílóòbù tó ń gbóná á sun igbá.

Bọ́bọ̀_Sùúrùlérè
Igbá ti dé. Mo ti sọ ọ́.

Káfíńtà_Èbúté_Mẹ́ta
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ igi ló kàn mí níbí.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń tutù. Orí omi ọ̀sà ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú wọn dé. Tí wọ́n bá fi kan àga fún yín lọ́sẹ̀ yìí, kó tó dọ́dún ó ti ká, ó ti ya. Èyí tó gbẹ dáadáa wọ́n, owó yín ò ká a. Igi tó gbẹ tó sì pọ́ọ́kú ni igi inú ilé tí wọ́n wó. Káàkiri Yábàá, Èbúté Mẹ́ta, Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́ láti kọ́ fúláàtì. Àwọn tó ń wó o máa ń ta ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé, páànù àti igi àjà níwájú ibẹ̀ gan-an. Ìrókò wà níbẹ̀, ọganwó wà níbẹ̀, apá wà níbẹ̀, igi tó ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi. Ilẹ̀kùn kan tó nípọn, ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, tábìlì dé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ gbá a mọ́lẹ̀: bí ìyẹ̀fun bá ń já bọ́ látinú ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fẹ́ni tó ni ín. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ikán ti jẹ inú rẹ̀ ku èèpo. Arère fúyẹ́, ó funfun, owó rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ikán ò ní jẹ́ kó pẹ́. Kẹ́ ẹ sì yọ gbogbo ìṣó tó wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e wá bá káfíńtà, torí ìṣó kan ṣoṣo ti tó láti ba ojú ìfági jẹ́, á sì bu owó rẹ̀ lé yín.

Sẹ́tí: ẹ má ra èyí tó jẹ́ lẹ́dà. Lẹ́dà tí wọ́n ń tà fún wa yìí, ọ̀rinrin Èkó máa ń jẹ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, ẹ̀yìn àlejò ni yóò máa lẹ̀ mọ́. Sẹ́tí àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá, tí férémù rẹ̀ jẹ́ igi gidi. Ẹ gbé e sókè ní igun kan: bí igun kejì bá tẹ̀ lé e láìdún, férémù rẹ̀ yè. Fóòmù àti aṣọ nìkan lẹ ó pààrọ̀. Àga pankẹ́rẹ́ tún wà, àwọn tó ń hun ún wà ní Méńdé, lọ́nà Maryland. Tí ọ̀já rẹ̀ bá já, wọ́n ń tún un hun. Àga oníke tó bá ya ńkọ́? Ta ló ń tún un ṣe?

Kọ́bọ́ọ̀dù MDF tí ìyàwó yín ń gbóòórùn rẹ̀, òótọ́ lara rẹ̀ ń sọ. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìyẹ̀fun igi pọ̀ ló ń jáde, formaldehyde ni wọ́n ń pè é. Nínú yàrá tó tutù, ó tún máa ń wú. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Àwọn tówó ò tó fún igi ilé wíwó, pálẹ́ẹ̀tì wà ní agbègbè Àpápá, èyí tí wọ́n fi ń to ẹrù inú kọ̀nténà. Ẹ wo àmì tí wọ́n fi iná tẹ̀ sí i lára. HT ni pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìyẹn dára. MB ni pé gáàsì methyl bromide ni wọ́n fi pa á, májèlé ni, ẹ má gbé e wọlé. Èyí tí kò ní àmì kankan, tàbí tí epo tàbí kẹ́míkà ti dà sí, ẹ má gbé e.

Ìyá_Ìbejì_Mushin
Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Wàyí o, lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a tán, ṣé àdín kọ́ ni wọ́n máa fi pa á?

Káfíńtà_Èbúté_Mẹ́ta
Màmá, ẹ má bínú o. Àdín kì í gbẹ láéláé. Ìrókò Màmá àgbà dán torí pé wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́, ọwọ́ wọn ló ń dán an. Lórí igi tuntun, àdín á kàn jókòó síbẹ̀ ni, á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá sì pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bákan náà lòrí àti òróró ẹ̀pà. Òróró linseed ló ń gbẹ, torí afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kó di líle. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa níta kó tó wọlé nítorí ìyàwó, kẹ́ ẹ wá fi ìda oyin díẹ̀ dán an.

Kiní kan tó ṣe pàtàkì: àkísà tẹ́ ẹ fi nu linseed, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sómi.

Ìyá_Ìbejì_Mushin
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àkísà ń dá gbiná? Ṣé ẹ rí i, àdín tèmi ò ṣerú ẹ̀ rí 😄

Aláṣọ_Tejúoṣó
Aṣọ náà ní tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́tìnnì òwú, ẹ má gba ẹnu oníṣòwò gbọ́, títí kan èmi. Ẹ fa òwú kan já létí aṣọ, ẹ fi iná kàn án. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú lásán ló máa kù. Pọlísítà á yọ́, á di kókó líle dúdú. Pọlísítà tún máa ń fa eruku mọ́ra.

Àdìrẹ ló bá ilé yín mu jù. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ: ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, bí àwọ̀ aró rẹ̀ ò bá wọ ẹ̀yìn, ẹ dá a padà. Tó bá ṣe é ṣe, ẹ lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta fúnra yín, ẹ óò rí àwọn tó ń fi ìko so ó àtàwọn tó ń fi ẹ̀kọ ya á. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, torí aró máa ń ṣí. Ẹ má sì ta á sójú fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gún, á ṣá. Ara ògiri ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí, tàbí kẹ́ ẹ fi rán ìrọ̀rí.

Fún fèrèsé, àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òkìrìkà tó jẹ́ òwú funfun tàbí línẹ́ẹ̀nì ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi lọ kó ní Kàtàngówà. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò ní sún kì mọ́. Télọ̀ àdúgbò á fi ọ̀já sí i lórí ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìrọ̀rí náà, bẹ́ ẹ bá rí òwú àràbà, ó fúyẹ́, ẹ kàn máa gbé e jìnnà sí àbẹ́là, torí ó máa ń gbiná kíá.

Lánlọ́ọ̀dù_Ṣómólú
Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ onílé. Ẹ ń ha ògiri, ẹ ń kun láìmù, ẹ ń da ihò sí fèrèsé. Ayálégbé á tún un ṣe bó ṣe wù ú, tó bá kó jáde tán, èmi ni mo máa fowó tún un kùn.

Lọ́yà_Yábàá
Bàbá, ẹ jàre ibì kan. Ẹ̀yin méjèèjì ni Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, dáàbò bò. Ó ní bí ayálégbé bá gba àṣẹ onílé lórí ìwé kó tó tún ilé ṣe, tí onílé bá wá ní kó kó jáde, ayálégbé náà lè béèrè owó ohun tó fi tún ilé ṣe. Lórí ìwé o, kì í ṣe "a ti jọ sọ ọ́." Bí kò bá sí ìwé, ẹ̀bùn lẹ fún onílé yẹn. Òfin náà ò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n Bàrígà wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, @Ọmọ_Bàrígà, ẹ pín owó yín sí ọ̀nà méjì: èyí tó máa kù sára ilé, ẹ jẹ́ kó kéré, kẹ́ ẹ sì gbàwé. Èyí tó pọ̀, ẹ fi ra ohun tẹ́ ẹ lè gbé lọ.

Lánlọ́ọ̀dù_Ṣómólú
Tó bá kọ̀wé sí mi, èmi a fọwọ́ sí i. Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n bá òun fọ èébu? Àwọn tí kì í sọ ni mò ń bá wí.

Olódòdó_Akọkà
Ẹ ò dárúkọ òdòdó! Ọjá ìkòokò ni kẹ́ ẹ kó sí yàrá, ó máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, á ran ìyàwó yín lọ́wọ́. Kì í fẹ́ omi púpọ̀, kì í sì í tètè kú.

Ayàwòrán_Ilé
Àǹtí, ẹ má bínú, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ fífọ afẹ́fẹ́ yẹn ju bó ṣe rí lọ. Ìwádìí NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tún àwọn ìwádìí náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní ó tó òdòdó mẹ́wàá sí ẹgbẹ̀rún kan lórí mítà kan níbùú lóròó kó tó fọ afẹ́fẹ́ tó bí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Yàrá ò ní gba bẹ́ẹ̀dì mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò òdòdó tó bá ń tutù ṣáá sì lè hu èébu, ẹni tó ní ikọ́ fée ò nílò ìyẹn.

Olódòdó_Akọkà
Ẹ kú ìwádìí. Ẹ gbé e sí ẹnu fèrèsé pálọ̀ nígbà náà, kó máa dùn ún wò. Òdòdó ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ lè gé lọ́gbà aládùúgbò, kò gbowó. Efinrin náà dára, ẹ óò rí ewé rẹ̀ fi sebẹ̀.

Bọ́bọ̀_Sùúrùlérè
Èmi náà ní ọ̀kan. Táyà àtijọ́, ẹ fi okùn wé e, ẹ fi fóòmù lé e lórí, àpótí ìjókòó ti dé. Ọ̀fẹ́ ni lọ́wọ́ fọ́kanáísà.

Ìyá_Ìbejì_Mushin
Táyà nínú ilé ẹni tó ní ikọ́ fée? Ọ̀sán tó bá mú, òórùn rọ́bà ni wọn ó máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e síta, omi òjò á dúró nínú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé síbẹ̀. Rárá o. Àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì Mile 12 ni kẹ́ ẹ lọ ṣà. Wọ́n hun ún dáadáa, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń jù nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí òórùn á fi kúrò, aṣọ ìdọ̀tí á wọ̀ ọ́, ìwé á wọ̀ ọ́.

Ọmọ_Bàrígà
Ẹ̀yin ará, mo wà ní Àpápá báyìí, níwájú ọkùnrin kan tó to pálẹ́ẹ̀tì jọ. Lánlọ́ọ̀dù wa ti fọwọ́ síwèé láìmù, ó tún ní kí n kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé fóun lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ wò ó, àmì tó wà lára igi yìí kọ CN, nọ́ńbà kan, HT, DB. HT mo mọ̀. DB wá ńkọ́? Ṣé májèlé mìíràn ni?

Káfíńtà_Èbúté_Mẹ́ta
Rárá. DB ni pé wọ́n ti bó èèpo igi kúrò. CN ni pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ fimú kàn án: kí lẹ gbóòórùn?

Ọmọ_Bàrígà
Igi lásán.

Káfíńtà_Èbúté_Mẹ́ta
Ẹ ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ èyí tó ti ya. Èló ló pè é?

Ọmọ_Bàrígà
Ó ní òun ò tíì mọ̀, òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Káfíńtà_Èbúté_Mẹ́ta
Ẹ má sọ pé pálọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi dáná.